Èéfín Nílé Ẹni Tí Ó Kórìíra Èéfín

Bí wọ́n bá ní ejò ló ṣán ọdẹ pa, ènìyàn á gbà. Bí wọ́n bá ní odò ló gbé apẹja lọ, a ó ní bẹ́ẹ̀ náà layé rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan dìde ní Ọ̀bà-Ilé, kí ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa Ọláfimíhàn! Inspẹ́kítọ̀ Adéjọkẹ́ Kìtán kò tilẹ̀ jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì Stephen parí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù.

"Ọláfimíhàn wo? Ọláfimíhàn orí rédíò?"

"Òun náà ni, Mà."

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀."

"Mà, wọ́n ti gbé òkú lọ o. Ọ̀gá àgọ́ sì ti mú ìyàwó rẹ̀. Ó ní ilé ẹjọ́ ló kàn lọ́la."

"Lọ́la? Ṣé ẹjọ́ ló ń sáré ni àbí ọ̀gá yín?"

Ta ni kò mọ Ọláfimíhàn ní Àkúrẹ́? Ọmọ Oǹdó ni, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ń bá àwọn àgbẹ̀ kòkó sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, kì í rẹ̀ ẹ́. Á ní epo bẹntiróòlù, èédú, gáàsì àti ọ̀dà dúdú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe títì, ẹrù àtayébáyé ni. A kò lè gbìn ín bí iṣu, bí a bá jó o tán, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í tán. Ojú ọ̀run ló ń gbára jọ sí, ó ń bo ayé bí ìgbà tí ènìyàn da kúbùsù bo ẹni tí ibà ń ṣe. Á ní òun ló mú kí òjò gbàgbé àkókò rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí kòkó bàjẹ́ lórí igi. Nígbà tí àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé sólà sórí òrùlé ara rẹ̀, ó sì búra pé jẹnẹrétọ̀ kankan kò ní ké nínú ilé òun láyé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá bá lórí àga ní pálọ̀, ìgò oògùn ikọ́ tó máa ń mú un sùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti gan, tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ bí àlejò tó rí ibi sùn.

*

Omi òjò àná ṣì ń kán láti etí òrùlé nígbà tí Adéjọkẹ́ dé ilé náà. Òjò nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tó yẹ kí ọyẹ́ máa la ènìyàn létè! Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń lu páànù, kò dá títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́.

Stephen, ọmọ Ìkàrẹ́, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìkéde, ro ẹjọ́ náà kalẹ̀. "Ìyàwó ló ni jẹnẹrétọ̀, Mà. Monílọ́lá lorúkọ rẹ̀, ẹja yìnyín ló ń tà. Ṣọ́ọ̀bù ló ti ń lò ó, ẹ̀yìn ilé ló ń gbé e sí nítorí olè. Lánàá, gbogbo àdúgbò gbọ́ ìjà wọn. Obìnrin náà pariwo pé, 'Èéfín tí o ń sá fún yìí, òun náà ni yóò pa ọ́!' Ó di ẹrù, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ọ̀gá ní irọ́ ni, pé ó lúgọ títí ọkọ rẹ̀ fi sùn, ó gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, ó tan án, ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ títí epo fi tán."

"Epo tán?" Adéjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mi jẹnẹrétọ̀ náà. Gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀. "Kí ló ń dún yìí? Ẹ̀kọ?"

Stephen sún mọ́ ọn.

"Wo súìsì rẹ̀. Ó ṣì wà lórí títàn. Wá wo táàpù epo yìí."

"Wọ́n ti pa á, Mà."

"Ìwọ náà ní jẹnẹrétọ̀ nílé. Báwo lo ṣe ń pa tìrẹ?"

"Táàpù ni mo kọ́kọ́ ń pa. Màá jẹ́ kí ó mu ìyókù tó wà lọ́nà ọ̀fun tán, kí ó kú fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kàbúrétọ̀ á dí." Ojú rẹ̀ là. "Háà!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òkú kì í dìde láti pa táàpù, Stephen. Ẹnìkan dúró níbí lẹ́yìn tí èéfín ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Àṣà ọwọ́ ni. Ọwọ́ kì í gbàgbé."

"Kí ló dé tó fi pa á? Kí ló dé tí kò fi sílẹ̀ kí epo tán lóòótọ́?"

Adéjọkẹ́ gbójú sókè, ó ń fetí sí omi tó ń kán. "Nígbà tí òjò ń rọ̀, ta ni yóò gbọ́ ariwo? Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń dá, kí jẹnẹrétọ̀ máa ké nínú ilé Ọláfimíhàn? Gbogbo Ọ̀bà-Ilé á jáde wá wòran. Òjò ló fi bojú. Nígbà tí ìbòjú fẹ́ jábọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó sá lọ."

Ó rìn lọ síbi tí bátìrì sólà wà. Ọ̀gá àgọ́ ti sọ pé òjò ló jẹ́ kí sólà kú, pé ìyẹn ni wọ́n ṣe tan jẹnẹrétọ̀. Adéjọkẹ́ wo súìsì ńlá tó wà lára ògiri. Wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó gbé e sókè.

Iná tàn yòò. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí àga tí olóògbé kú sí.

"Oòrùn àná pa ènìyàn lójú kí òjò tó dé," ni ó wí. "Bátìrì kún bámú. Ta ní nílò jẹnẹrétọ̀ níbí? Kò sẹ́ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná ni, kí àwọn ọlọ́gbọ́n bí ọ̀gá rẹ lè rí nǹkan sọ."

Nígbà tó ń padà bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan kan lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ni, ó ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn pupa kékeré tó já so mọ́ ọn. Ohun kan tó dà bí ẹ̀tù búlúù há sínú ìlà rẹ̀.

"Búlúù aṣọ ni, Mà," ni Stephen wí kíá. "Òun làwọn obìnrin ń fi fọ aṣọ funfun. Ìyàwó náà ni o!"

"Ṣé bí o ṣe máa ń sáré mú ènìyàn nìyí?" Adéjọkẹ́ fi omi kan ìka, ó fi ìka kan ẹ̀tù náà. Búlúù aṣọ ìbá ti ṣú bí aró. Èyí mọ́ bí ojú ọ̀run, ó sì ń rùn bí kọ́bọ̀ àtijọ́. Ó di ìdérí náà sínú ọ̀rá.

*

Ẹni tí àdúgbò tún ń nàka sí ni Ọlábọ̀dé, aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ ràgàjì kan tí ń ké bí ọkọ̀ òfuurufú. Òun àti Ọláfimíhàn ti bá ara wọn dé iwájú baálẹ̀ lórí èéfín rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń làágùn kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo bú u, lóòótọ́. Mo ní sólà ti gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí mo bá bú bá ń kú, ìyá ìyàwó mi kò ní wà láyé lónìí."

"Kí ni jẹnẹrétọ̀ yín ń mu?"

"Dísù."

"Ẹ ní bẹntiróòlù nílé?"

"Bẹntiróòlù wo? Ṣé ẹ ò rí ìlà tó wà níbi tí wọ́n ti ń ta epo ni? Ọkọ̀ mi ti di ilé adìyẹ láti ọjọ́ tí epo ti wọ́n. Ẹ lọ wò ó."

Adéjọkẹ́ lọ wò ó. Adìyẹ sàba sórí àga awakọ̀. Ó wo jẹnẹrétọ̀ náà pẹ̀lú. Dísù ni lóòótọ́, kò sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kankan nínú ọgbà.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èéfín yín burú. Ẹni tó kú yẹn kò parọ́ mọ́ ọn."

*

Jẹnẹrétọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ń pariwo lẹ́bàá ògiri nígbà tí wọ́n mú Monílọ́lá jáde. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò wọ bàtà.

"Màmá, n kò pa ọkọ mi," ni ó ń wí. "Bí wọ́n bá gbé mi lọ sílé ẹjọ́ lọ́la, ìdílé rẹ̀ á sin ín láìsí mi níbẹ̀. Wọ́n á ní apani kì í bu erùpẹ̀ lé òkú lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sin ọkọ mi."

"Jókòó. Kí lẹ jà sí?"

"Ẹja mi. Epo kò sí ní ìgboro, jẹnẹrétọ̀ mi kò ní ẹ̀kán epo kan nínú. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé fírísà wá sílé, kí n fi sólà rẹ̀ gbé e ró. Ó ní agbára rẹ̀ kò gbé e. Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ."

"Ẹja náà ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti rà. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, imú yín ni yóò júwe ọ̀nà."

Adéjọkẹ́ mi orí. Ẹni tó ní epo nílé kì í jẹ́ kí ọjà rẹ̀ rà. Epo inú jẹnẹrétọ̀ yẹn, àlejò ló gbé e wá.

"Ariwo ẹ̀rọ yìí ń dí mi létí," ni ó wí lójijì. "Ìwọ, Monílọ́lá, bá mi pa á."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni pé ó ya wèrè. Ó dìde, ó lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ àgọ́, ó sì tẹ súìsì. Ẹ̀rọ kú gọ́ọ́.

"Ẹ gbà mí o!" Kọ́ńsítébù tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà fò dìde. "Màdáámù, táàpù lẹ kọ́kọ́ ń pa! Ẹ fẹ́ ba kàbúrétọ̀ ìjọba jẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú," ni Monílọ́lá wí. "Bí mo ṣe ń pa tèmi nìyẹn. Ẹni tó ń tún un ṣe ti bú mi títí, ó rẹ̀ ẹ́."

Stephen wo Adéjọkẹ́. Adéjọkẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Monílọ́lá, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì yín wà?"

"Abẹ́ ìkòkò òdòdó ni. Èmi, ọkọ mi, àti Adélaní, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Bó bá wá láti Oǹdó, tí kò bá wa nílé, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé."

"Àlàáfíà wà láàárín wọn?"

Obìnrin náà tẹ orí ba. "Ilẹ̀ kòkó bàbá wọn wà lọ́nà Òkìtìpupa. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ hú ọ̀dà níbẹ̀. Adélaní fẹ́ kí wọ́n tà á. Ọkọ mi ní ọjọ́ tí òun bá kú ni. Òun ni àgbà, láìsí i, wọn kò lè tà á."

Adéjọkẹ́ dìde. "Stephen, gbé ọkọ̀ jáde."

*

Lọ́nà Oǹdó, Adéjọkẹ́ mú ìgò kékeré kan jáde. Epo inú jẹnẹrétọ̀ ló ti bù sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé olóògbé. "Kan án, kí o fi ìka pa á."

Stephen fi ọwọ́ kan darí ọkọ̀, ó fi èkejì pa epo náà. "Ó ń yọ̀, Mà. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀."

"Irú jẹnẹrétọ̀ Monílọ́lá, a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà wọlé. Ìdí rèé tí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló máa ń po epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ de ìgbà tó bá fẹ́ lò ó?"

"Àwọn agégi. Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré."

"Àti?"

"N kò mọ̀, Mà."

"Nítorí pé bàbá rẹ kò fín kòkó. Tèmi fín in títí dọ́jọ́ ikú. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ń fọ́n oògùn bí ìjì, epo àti ọ́ìlì ló ń mu. Oògùn tó sì ń fọ́n, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkó dúdú lórí igi, àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Ó máa ń dọ̀tí èékánná bàbá mi títí di Ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi á ní kí ó má fi ọwọ́ yẹn gba ara Olúwa."

"Ṣùgbọ́n Mà," ni Stephen wí, ohùn rẹ̀ rọra, "oṣù Ṣẹ́rẹ́ la wà. Ta ló ń fín kòkó nínú ọyẹ́?"

Adéjọkẹ́ yí ojú sí fèrèsé. Ìbéèrè yẹn ló ti ń jẹ òun náà lọ́kàn láti Ọ̀bà-Ilé. Bí kò bá rí ìdáhùn rẹ̀, Monílọ́lá á sùn sí àtìmọ́lé, ilé ẹjọ́ á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù.

*

Nílé rẹ̀ ní Oǹdó, Adélaní jókòó láàárín àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀, fìlà lórí orúnkún, ojú pọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé kí omi àwọn àlejò lè tutù.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ wo bí obìnrin ṣe pa ẹ̀gbọ́n mi mọ́ mi lójú!"

"Ẹ kú àjálù. Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Kérésì. N kò dé Àkúrẹ́ láti ìgbà náà."

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan wà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá hú ọ̀dà yẹn, tí wọ́n sì jó o, ojú ọjọ́ á túbọ̀ bàjẹ́. Àlọ́ òyìnbó! Ojú ọjọ́ wo ló bàjẹ́? Òjò tí bàbá wa bá láyé náà ló ń rọ̀."

"Tàná náà?"

"Ìyẹn kàn ṣèèṣì ni."

"Ẹ dákun, ariwo yìí kò jẹ́ kí n gbọ́ yín dáadáa."

Adélaní dìde fúnra rẹ̀. Adéjọkẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó pa táàpù epo, ó sì dúró, ọwọ́ lẹ́yìn, títí ẹ̀rọ náà fi hú, tó mí, tó kú fúnra rẹ̀. Kò fọwọ́ kan súìsì.

Stephen la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Adéjọkẹ́ fi ojú sọ fún un pé kó rọra.

"Ẹ̀rọ ìfín kòkó yín rèé?" ni ó wí, ó nàka sí ohun tó fi ara kọ́ lábẹ́ àtíbàbà.

"Òun ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà. Ta ló ń fín kòkó nínú ọyẹ́?"

"Ohun tí Sájẹ́ǹtì mi bi mí lọ́nà gan-an nìyẹn." Ó fi ọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ náà, ó gbé ìka sókè. Ìka rẹ̀ tutù, ó sì ní àwọ̀ ojú ọ̀run. "Láti Ọ̀wàrà, kò tíì gbẹ? Ẹ jẹ́ kí n rí èékánná yín, Bàbá."

Adélaní fi ọwọ́ pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ. "Ó dáa... mo fín díẹ̀ níjẹta."

"Kí ló dé?"

"Kòkó ń dúdú lórí igi. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ."

"Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó rọ̀ ni? Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé bàbá mi! Gbogbo nǹkan ti dàrú, ọyẹ́ kò jẹ́ ọyẹ́ mọ́, òjò—"

Ó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́.

"Ẹ parí rẹ̀," ni Adéjọkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ lórí rédíò lẹ ń sọ yẹn."

Kẹ́ẹ̀gì kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò ní ìdérí. Ọ̀rá ni wọ́n ká, wọ́n fi dí i lẹ́nu. Okùn pupa kan so mọ́ etí rẹ̀, ó já. Adéjọkẹ́ mú ìdérí tó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀bà-Ilé jáde, ó yí i mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ó wọ̀ gẹ́gẹ́. Ó fa okùn ti ìdérí, ó fa ti kẹ́ẹ̀gì, ó fi ẹnu wọn kanra. Ibi tí ọ̀kan gùn dé ni èkejì ti kúrú.

"Gbogbo àgbẹ̀ kòkó ló ń so ìdérí mọ́ kẹ́ẹ̀gì kó má baà sọnù," ni ó wí. "Bàbá mi náà ń so ó. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, nínú òjò, ẹ fà á já. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín máa ń lo oògùn ikọ́ tó ń kun ènìyàn lóorun. Ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Epo kò sí ní ìgboro, ẹ wá gbé epo kòkó yín dání. Kí ni ọmọ bàbá yín ṣe fún yín?"

Adélaní jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò jọ ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Oko ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdọọdún ni. Oòrùn pa ti èṣí, òjò ń pa ti ọdún yìí. Ó ní kí n ṣe sùúrù, kí n gbin igi tí yóò ṣíji bò ó. Igi! Ó di ìgbà wo? Àwọn ọlọ́dà ní àwọn ṣetán lónìí."

"Nítorí náà, ilé ń jó, ẹ wá fẹ́ ta igi fún iná."

Stephen yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀.

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Monílọ́lá jáde ní àgọ́. Ọ̀gá àgọ́ fi ìwé ìtúsílẹ̀ bojú, kò wo ẹnikẹ́ni. Adéjọkẹ́ kò dá a sí. "Ọ̀gá, nígbà míì, kí ẹ mi jẹnẹrétọ̀ wò kí ẹ tó mú opó."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé obìnrin náà délé. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ Monílọ́lá kọ̀.

"Màmá, mo sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní èéfín ni yóò pa á."

"Ẹnu kì í gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, ọmọ mi. Ọwọ́ ló ń gbé e. Wọlé. Ọ̀la wàá sin ọkọ rẹ, kò sí ẹni tó máa dí ọ lọ́wọ́."

Wọ́n ti tún pa súìsì ńlá náà lẹ́yìn ìwádìí. Lójú pópó, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ara wọn, ti Ọlábọ̀dé ló ń léwájú. Monílọ́lá na ọwọ́ sí ara ògiri, ó sì gbé súìsì náà sókè.

Ilé mọ́lẹ̀, láìsí ariwo, láìsí èéfín. Oòrùn tí ọkọ rẹ̀ kó jọ lánàá, kí òjò tó dé, ló ń tàn sí i lójú. Obìnrin náà jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún tẹ́rùn.